Bí A Ṣe Ń Kó Ìwé Gẹ̀ẹ́sì Ìgbà Láéláé Jọ ní Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ kó ìwé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé jọ ní Èkó, kí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun kò ní bá Caxton pàdé lábẹ́ bíríìjì Òjúẹlẹ́gba. William Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ The Canterbury Tales ti Chaucer ní nǹkan bí ọdún 1476, ó sì tẹ Le Morte Darthur ti Malory ní 1485. Méjì péré ló kù láyé lára Malory tó tẹ̀ yẹn: ọ̀kan wà ní New York, ìkejì wà ní Manchester, ewé ti já nínú ti Manchester. Ohun tó ń yọjú ní Èkó ni àtúntẹ̀: èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ọ̀rúndún 19 ṣe, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní yunifásítì, àti èyí tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lára ojúlówó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àtúntẹ̀ níwájú yín. Nínú irú ìwé yìí, ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àtúntẹ̀ máa ń jẹ́ àkọ́tẹ̀ gan-an lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ló gbé Beowulf, ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, dé ọ̀dọ̀ wa, iná sì jó etí rẹ̀ ní Ashburnham House ní 1731. Kò sí ẹni tó tẹ odindi rẹ̀ títí Thorkelin fi tẹ̀ ẹ́ ní Copenhagen ní 1815. Ewì Sir Gawain and the Green Knight kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí di 1839. Ewì Pearl, ó di 1864. The Book of Margery Kempe fara sin títí di 1934 kí wọ́n tó dá a mọ̀, Early English Text Society, ẹgbẹ́ tó ń tẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jáde, sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà gan-an ní 1940. Ìyẹn ni pé ìwé aláṣọ búráùn kan tó dà bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lásán, tí ẹlòmíràn yóò fẹsẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Yábàá, lè jẹ́ ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ohun tí obìnrin ọ̀rúndún 15 kan sọ kí wọ́n bá a kọ sílẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó dì mú ló ń rí ọjà gidi rà.

Ẹ yan ọ̀nà kan

Ẹ má rà á bí ẹní ń ra gúgúrú. Ọ̀nà mẹ́ta ló rọrùn fún ẹni tó ń gbé Èkó.

Èkínní ni ìwé Early English Text Society, tí F. J. Furnivall dá sílẹ̀ ní 1864. Gíní kan ni ọmọ ẹgbẹ́ ń san lọ́dún nígbà náà, wọ́n sì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ló wà: Original Series, Extra Series tó bẹ̀rẹ̀ ní 1867, àti Supplementary Series tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Nọ́ńbà 20 ti Original kì í ṣe nọ́ńbà 20 ti Extra, nítorí náà ẹ máa kọ lẹ́tà ọ̀wọ́ náà mọ́ nọ́ńbà nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó ra ohun tí ẹ ti ní. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tó jáde ní apá-apá. Piers Plowman tí ọ̀mọ̀wé W. W. Skeat ṣe fún ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ìwé kan: nọ́ńbà 28, 38 àti 54 ni oríṣi mẹ́ta tí ewì náà ní, nọ́ńbà 67 àti 81 sì ni àlàyé. Ẹni tó ra 38 nìkan ní ewì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi yé e. Tí owó ò bá tó fún márààrún, ẹ wá èyí tí Skeat kan náà ṣe fún Oxford ní 1886, ìdìpọ̀ méjì, tó to oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èkejì ni àwọn ọ̀wọ́ olówó pọ́ọ́kú. J. M. Dent bẹ̀rẹ̀ Everyman's Library ní 1906, Ernest Rhys ló ń ṣe olótùú rẹ̀, inú eré ìgbà láéláé kan tó ń jẹ́ Everyman ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Malory ni nọ́ńbà 45 àti 46, ewì Anglo-Saxon tí R. K. Gordon túmọ̀ ní 1926 ni nọ́ńbà 794. Penguin Classics dé lẹ́yìn ogun, ní 1946, The Canterbury Tales tí Nevill Coghill sọ di Gẹ̀ẹ́sì òde òní sì wọ inú rẹ̀ ní 1951.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀dà àwòrán, ìyẹn ìwé tí wọ́n ya fọ́tò ojú-ewé ojúlówó, tí wọ́n sì tẹ fọ́tò náà. Zupitza ṣe irú rẹ̀ fún Beowulf ní 1882, wọ́n tún un tẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò tuntun ní 1959. Manchester ni wọ́n ti ṣe ti Ellesmere, ìwé àfọwọ́kọ Canterbury Tales ti Chaucer, ní 1911. Scolar Press ṣe Malory ti Caxton ní 1976. Fún First Folio, àkójọ eré Shakespeare tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tí Charlton Hinman ṣe fún Norton ní 1968 la máa ń sọ fún èèyàn pé kó wá, torí pé ó ṣa ojú-ewé tó mọ́ jù lọ láti ara oríṣiríṣi ẹ̀dà tó wà ní ilé ìkàwé Folger ní Washington.

Ọ̀nà tó dára jù lójú tiwa ni kí ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa lé ìtẹ̀jáde rẹ̀ kiri. Ẹni tó ní Chaucer mẹ́wàá, láti orí Skeat ti 1894 títí dé Riverside ti 1987, mọ ìwé ju ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ìwé tí kò bára tan lọ.

Ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé ni òótọ́ wà

Ọdún tó wà lójú àkọlé lè jẹ́ ọdún ojúlówó, kí ó má jẹ́ ọdún tí wọ́n tẹ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Àpẹẹrẹ kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn: ní 1877, William Blades àti Elliot Stock ṣe ẹ̀dà àwòrán Dictes and Sayings of the Philosophers tí Caxton tẹ̀ ní 1477. Ẹni tó bá rí 1477 nínú rẹ̀ tí kò wo iwájú wo ẹ̀yìn, á sáré lọ pe àwọn ará ilé.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ ṣí ojú-ewé àkọlé, ẹ ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, títí kan lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀. Ẹ yí i padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Everyman máa ń to ọdún àtúntẹ̀ rẹ̀ sí. Ọdún tó kẹ́yìn nínú ìlà náà ni ọdún ìwé yín, kì í ṣe èyí tó ṣíwájú. Ọ̀pọ̀ Early English Text Society tó wà ní Èkó jẹ́ àtúntẹ̀ Oxford ti àárín ọ̀rúndún 20, ẹ̀yìn àkọlé náà ni wọ́n sì ti sọ ọ́. Bí kò bá sí ọdún kankan, ẹ lọ wo ìpolówó ìwé tó wà ní ẹ̀yìn pátápátá: ìwé tó polówó ohun tó jáde ní 1910 kò lè jẹ́ ti 1906. Ní ti Everyman, ẹ wo ewé tó lẹ̀ mọ́ páálí inú pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọnà Reginald Knowles, tó kún fún òdòdó àti ewé, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 1935 ni ti Eric Ravilious ti gbapò. Bí ẹ bá rí àmì kìnnìún tó jókòó lórí ìwé, ìwé ìgbà ogun ni, láti 1942 síwájú, wọ́n sì máa ń lo bébà tín-ín-rín fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, bébà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ewé kan sókè síwájú iná. Bébà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe láyé àtijọ́ ní ìlà tó hàn nínú, àwọn kan sún mọ́ra gan-an, àwọn kan jìnnà síra tó nǹkan bí 2.5 cm. Ìlà tó jìnnà síra yẹn ló ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ká bébà náà lẹ́ẹ̀kan (fólíò), ìlà yẹn dúró ní òró. Bí wọ́n bá ká a lẹ́ẹ̀mejì (kúátò), ó dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ká a lẹ́ẹ̀mẹta (ọkitéfò), ó tún dìde. Ìwé ọ̀rúndún 17 tí bébà rẹ̀ kò ní ìlà kankan, irọ́ wà níbìkan, torí pé ìgbà tí olùtẹ̀wé Baskerville tẹ ewì Virgil ní 1757 ni bébà aláìnílà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fi lẹ́tà s gígùn, èyí tó jọ f, ṣe ẹ̀rí nìkan. Ó kúrò lóde ní nǹkan bí 1800, ṣùgbọ́n àwọn olùtúntẹ̀ ìgbà Victoria fẹ́ràn láti tún lò ó.

Ohun kan máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ìwé 1620 lè funfun ju ìwé 1910 lọ. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ṣe bébà ìgbà náà. Láti àárín ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń lo igi lílọ̀, kíkan inú rẹ̀ ló sì ń jẹ bébà láti inú wá, tó ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé gbígbẹ, tí etí rẹ̀ á máa ṣẹ́ bí ìpékeré. Kò sí oògùn tó lè dá ìyẹn padà nílé. Ẹ̀dà mìíràn ni kí ẹ wá.

Láti mọ ẹ̀dà àwòrán, lúùpù tó ń mú nǹkan tóbi nígbà mẹ́wàá ti tó. Bí lẹ́tà tàbí àwòrán bá fọ́ sí tóótòòtó wẹẹrẹ bí ojú àsẹ́, fọ́tò ni. Lẹ́tà òjé gidi máa ń tẹ bébà mọ́lẹ̀: ẹ fi ìka kan ẹ̀yìn ewé náà jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí òjìji kòtò kéékèèké. Chaucer tí William Morris tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, Kelmscott Press, ní 1896, 425 ló ṣe sórí bébà, 13 sórí awọ, ó sì ga tó 42 cm. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí bébà rẹ̀ ń dán, tí lẹ́tà rẹ̀ kò tẹ bébà mọ́lẹ̀, àtúntẹ̀ rẹ̀ ni. Ìwé tó rẹwà ṣì ni, kìkì pé iye owó rẹ̀ yàtọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ewé rẹ̀ ní méní méjì. Nọ́ńbà ojú-ewé kò tó, torí pé olùtẹ̀wé àtijọ́ máa ń ṣì í kà. Ẹ tún tẹ̀ lé lẹ́tà kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ojú-ewé, A, A2, A3, B, tó fi hàn bí wọ́n ṣe to ìdì bébà. Ìdì tó bá fò, ewé ti já níbẹ̀. Àwọn òǹtàwé láyé àtijọ́ sì máa ń fi ewé tí wọ́n fọwọ́ yà rọ́pò èyí tó já, èyí tí ojú lásán lè má rí. Bébà ewé náà máa ń yàtọ̀ díẹ̀, ìdọ̀tí àti ihò kòkòrò tó gba ewé tó ṣáájú rẹ̀ kọjá kì í sì dé ara rẹ̀.

Oríṣi àtúntẹ̀ kan wà tí a kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà rárá: èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí èèyàn bá san owó, láti ara ìwé tí kọ̀ǹpútà kà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà þ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Á sọ þat di "pat", á sì sọ such di "fuch". Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Chaucer tó bá rí báyìí kò ṣeé kà, kò ṣeé tà, kò sì ṣeé fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Èyí tí wọ́n ya fọ́tò ojú-ewé rẹ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi òǹtàwé pé kí ó fi fọ́tò ojú-ewé àárín ránṣẹ́, kì í ṣe ti èèpo nìkan.

Níbi tí ẹ ó ti rí i

Àwọn tó ń ta ìwé tókúnbọ̀ ní Yábàá, Òjúẹlẹ́gba àti Ọbáléńdé ló ń rí ẹrù jù. Ọ̀nà méjì ni ìwé ń gbà dé ọwọ́ wọn: èyí tó bá ẹrù òkìríkà wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, àti èyí tó jáde láti ilé àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní Sùúrùlérè, Èbúté Mẹ́ta àti Ìkòyí, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kó ilé. Ti ìkejì yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ibẹ̀ ni ìwé tí wọ́n lò ní Ìbàdàn àti Akoka ti ń jáde: ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Sweet, Klaeber àti Skeat ṣe, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín lójú-ewé àkọ́kọ́.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, nígbà tí ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ẹrù. Ẹ mú lúùpù, tọ́ọ̀ṣì kékeré, rúlà, aṣọ gbígbẹ kan àti àpò aṣọ dání. Ẹ kí i dáadáa: "Bọ̀dá, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó òórọ̀." Ẹ má di ìwé kan ṣoṣo mú bí ẹni tó rí wúrà, ẹ ṣa mẹ́rin márùn-ún, kí èyí tí ẹ fẹ́ gan-an wà láàárín, kí ẹ wá béèrè pé èló ni gbogbo rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn, bí ọjà tókúnbọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti di oníbàárà ọlọ́jà kan, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá fún un ní kedere, ẹ fi fọ́tò ìwé aláṣọ búráùn yẹn hàn án lórí fóònù, ẹ sì san owó tó tọ́ nígbà tó bá rí i. Ẹni tí ẹ bá rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní pè yín mọ́.

Ìwé tó ní òǹtẹ̀ ilé ìkàwé ńkọ́? Ẹ wá òǹtẹ̀ tó sọ pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, "withdrawn" tàbí "discarded". Bí òǹtẹ̀ yunifásítì bá wà tí ti ìyọkúrò kò sí, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ìwé tí wọ́n jí kò ṣeé fi yangàn.

Fún ìwé tó ti la ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọjá, ẹ yà sí Jazzhole ní Awolowo Road, Ìkòyí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun tí ẹ rí wé òmíràn, ilé ìkàwé Yunifásítì Èkó ní Akoka wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìtẹ̀jáde ọ̀rúndún 19 sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive, tí ẹ lè fi ka iye ojú-ewé níbi tí ẹ dúró sí ní ọjà.

Ọ̀rọ̀ kan nípa Bíbélì àgbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ní Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti bàbá bàbá wọn, wọ́n sì rò pé owó ilé ni. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀rúndún 19 pọ̀ lọ jàra, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó níye lórí nínú rẹ̀ ni ojú-ewé tí wọ́n kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ìdílé sí. Ẹ má ta ìyẹn.

Bí ẹ bá ń rà láti òkèèrè

viaLibri ń wá inú ọ̀pọ̀ ilé ìtàwé lẹ́ẹ̀kan náà, AbeBooks àti Biblio náà wà. Èdè àwọn òǹtàwé ló ń ko àwọn ẹni tuntun láyà. "Wants" níbẹ̀ kì í ṣe "ó fẹ́", "kò ní" ni: "wants title" túmọ̀ sí pé ojú-ewé àkọlé ti sọnù. "Foxed" ni àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ipata. "Rebacked" ni pé wọ́n ti fi awọ tàbí aṣọ tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Unopened" ni pé ewé rẹ̀ ṣì so mọ́ra lókè, kò sí ẹni tó kà á rí. Ọ̀bẹ bébà tí kò mú ni ẹ ó fi là á, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ máa fà á bọ̀ wá síta díẹ̀díẹ̀. Ìka ọwọ́ máa ń fa etí rẹ̀ ya jákujàku.

Ẹ sọ fún òǹtàwé bí yóò ṣe dì í: bébà funfun, náílọ̀nù nítorí òjò, páálí líle méjì tó tóbi ju ìwé lọ lójú méjèèjì, lẹ́yìn náà àpótí nínú àpótí. Igun ìwé ló ń fọ́ lójú ọ̀nà. Kí ó kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti iye tí ẹ rà á gan-an sórí fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù: 4901 ni nọ́ńbà ìwé títẹ̀, 9706 ni ti ohun àtijọ́ tó ti ju 100 ọdún lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń bọ̀ láti London, ọwọ́ rẹ̀ sàn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kìkì pé kí ẹ má di ìwé fólíò wúwo rù ú láìsọ fún un ṣáájú. Kí ó gbé e sínú báàgì ọwọ́.

Afẹ́fẹ́ Èkó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìkójọ ń kú sí. Ìwé fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ju 65 lọ tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Èkó máa ń kọjá 80 lásìkò òjò, pàápàá létí ọ̀sà. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, ẹ gbé e sáàárín ìwé, kì í ṣe sórí ògiri, kí ẹ máa kọ òǹkà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Éásì tí ẹ ń tàn lọ́sàn-án tí NEPA ń pa lóru lè burú ju kí ó má sí lọ. Ìwé á tutù, iná á lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó rin á wọlé, á sì sọ omi sára èèpo tó tutù. Bébà á máa wú, á máa sún, páálí á máa tẹ̀. Bí iná yín kò bá dúró, ojúlówó àbò ni àpótí oníke tó ní rọ́bà lẹ́nu, tó ń dé pa. Fún àpótí 50 líta tó gba ìwé bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi sílíkà jẹ́ẹ̀lì 500 g sínú àpò aṣọ, ẹ gbé ẹ̀rọ òǹkà sínú rẹ̀, ẹ dé e. Bí òǹkà bá ṣì ju 55 lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi kún un. Bí ó bá wálẹ̀ ju 40 lọ, ẹ yọ díẹ̀, torí pé awọ máa ń sán bí ó bá gbẹ jù. Lọ́yẹ́, ẹ lè yọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Oríṣi olómi ọsàn tó ń di aláwọ̀ ewé ni kí ẹ rà. Èyí tó búlúù ní májèlé nínú. Ẹ máa yan án nínú ààrò ní 120°C fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ẹ tún lò ó. Ìrẹsì kò ṣe iṣẹ́ yìí. Kòkòrò ìrẹsì ni yóò bá yín débẹ̀.

Ẹ má fi ìwé sínú náílọ̀nù tí ẹ so lẹ́nu láìsí sílíkà, ọ̀rinrin tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ tì mọ́ ọn. Kánfọ̀ sì ńkọ́? Òórùn rẹ̀ ń wọ bébà, kì í jáde mọ́, kò sì dára fún ìlera ẹni tó ń kà á.

Bí àwọn ìwé yín bá wà lórí pẹpẹ, kí pẹpẹ náà jẹ́ irin, kí ó jìnnà sí ògiri tó 10 cm, kí ìpele ìsàlẹ̀ ga tó 30 cm sílẹ̀ nítorí àgbàrá. Ikán kì í jẹ irin, ṣùgbọ́n á kọ́ ọ̀nà amọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀ lóṣooṣù. Aáyán ń jẹ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé, àwọn kòkòrò fẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ fàdákà ń họ ojú bébà. Ìwé tuntun tó bá wọlé, ẹ yà á sọ́tọ̀ lórí bébà funfun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀ wẹẹrẹ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò wà nínú rẹ̀ láàyè. Fìríìsà ni oògùn rẹ̀: náílọ̀nù méjì, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ gbé e sínú òtútù -20°C fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́, ẹ má sì tú náílọ̀nù títí wákàtí 24 yóò fi pé, kí omi má bà á sọ sára ìwé. Òtútù náà kò gbọ́dọ̀ já, torí náà ọ̀sẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ lè gbé e ni kí ẹ yàn. Ìwé aláwọ ẹran ògbólógbòó, ẹ má gbé e sí fìríìsà láìbéèrè.

Ìwé tó bá ti bu, ẹ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́ níwájú fáànù, lábẹ́ òjìji, títí èyí tó bù náà yóò fi di ìyẹ̀. Ẹ di imú, ẹ jáde síta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò sí òdìkejì yín. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ẹ má sì sá a sóòrùn: oòrùn á ká páálí rẹ̀, á sì pa àwọ̀ rẹ̀.

Àtúnṣe, níwọ̀nba

Sẹ́lótéèpù ni ọ̀tá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á gbẹ, á bọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì kù sínú bébà bí epo, kò ní jáde mọ́. Ẹ̀kọ àti ògì tí a fi ń lẹ bébà nílé kò dára fún un, torí pé ògì ti kan kí ó tó di ògì, kíkan sì ni à ń sá fún. Bí ewé bá ya, bébà Japan tín-ín-rín àti sítáàṣì àlìkámà ni: ìwọ̀n sítáàṣì kan sí omi mẹ́rin, ẹ máa rò ó lórí iná kékeré fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ lò ó díẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fi ohun wíwúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ dán an wò lára ìwé tí kò níye lórí ní ìgbà mẹ́wàá.

Awọ tó ń ré bí osùn sí yín lọ́wọ́ ti jẹrà láti inú. Òróró, òrí, Vaseline, kò sí èyí tó ń wò ó, wọ́n kàn ń sọ ọ́ di dúdú ni. Ẹ fi bébà funfun tí kò ní kíkan wé e. Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ ni ẹ fi gbé ìwé. Ìbọ̀wọ́ aṣọ ń jẹ́ kí ewé bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Àkọsílẹ̀

Fún ìwé kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, olótùú rẹ̀, ọ̀wọ́ àti nọ́ńbà, ọdún àkọ́tẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ ti yín, iye ewé àti èyí tó já, ibi tí ẹ ti rà á, ọjọ́, iye, àti fọ́tò mẹ́ta: èèpo, ojú-ewé àkọlé, ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé, pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni, lẹ́yìn páálí ìparí, kékeré. Kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà kan wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í gbé ilé yín, kí ó lè mọ èyí tí Early English Text Society, Original Series 212 (ìyẹn Margery Kempe), jẹ́ nínú gbogbo ìwé búráùn náà nígbà tí àwọn ọmọ bá ń kó ilé.